Ajẹ́lẹ̀ Lọ, Ajẹ́lẹ̀ Dé: Bí Ìjọba Òyìnbó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Tiwa

Kí n tètè sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ òní ò ní í kúrú. Kì í ṣe ìwàásù, ìtàn ni. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀ ni gbólóhùn kan tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa láti ìgbà tí ọjà ti wọ́n gógó yìí: "Ìbá sàn ká ní àwọn òyìnbó ò lọ." Àgbàlagbà ń sọ ọ́. Ọmọ ogún ọdún tí kò rí òyìnbó rí àfi lórí fóònù náà ń sọ ọ́. Àwọn kan sì wà ní òdìkejì, àwọn bàbá wa ni wọ́n ń bú ní tiwọn, pé ojo ni wọ́n, pé ọtí àti dígí ni òyìnbó fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní tèmi o, àwọn méjèèjì ló ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ajẹ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìbàdàn lágbára láyé ọjọ́un, wọ́n ṣẹ́gun púpọ̀ nínú àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ìlú tí wọ́n bá ṣẹ́gun, wọn kì í sábà lé ọba ibẹ̀ kúrò. Ọba wà láàfin, adé wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á rán ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn pé kó máa gbé ìlú náà, kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kó máa ṣọ́ ohun tí ọba ń ṣe. Ọkùnrin yẹn ni ajẹ́lẹ̀. Kì í dá wá. Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ìlú ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Ewúrẹ́ tó bá wù wọ́n, wọ́n á mú un. Obìnrin tó bá wù wọ́n, ẹ ti mọ ìyókù.

Ní 1878, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Fábùnmi bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe ń pìtàn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn. Kò sí àyè à ń tọrọ àforíjì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun, wọ́n sì dojú kọ Ìbàdàn. Ìyẹn ni ogun Kírìjí, tí wọ́n fi ìró ìbọn sọ lórúkọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹrú tó gba òmìnira tàbí ọmọ irú wọn, tí wọ́n sì ti di onígbàgbọ́, ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ìbọn tó dára ju ti Ìbàdàn lọ ránṣẹ́ sílé. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rò pé òní ni ọmọ ìlú tó wà lókèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó fún ilé, ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó dé.)

Ọdún 16 ni wọ́n kà fún ogun náà, láti 1877 sí 1893. Ẹ ronú sí i. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti tó ìbọn gbé kó tó parí. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní 1885, ogun ò dúró. Ẹni tó ń lọ sóko ò mọ̀ bóyá òun máa padà. Ọjà ò ṣeé ná. Wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò sí ẹni tó lè borí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kúrò lójú ogun, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á lé e bá.

Ibi tí òyìnbó ti wọlé nìyẹn o. Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, Yorùbá ni àwọn méjèèjì, ni wọ́n ń rìn láàárín ibùdó sí ibùdó, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọba àtàwọn balógun. Ní oṣù kẹfà 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ìwé náà ní kí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà lómìnira, kí Ìbàdàn má jẹ́ ọ̀gá wọn mọ́. Ohun tí wọ́n jà fún gan-an nìyẹn! Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà nínú ìwé náà: bí ìjà bá tún ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ Gómìnà Èkó ni wọn yóò gbé e lọ. Ó jọ nǹkan kékeré, àbí? Ẹni tí ò fẹ́ kí ogun tún bẹ̀rẹ̀, ṣé ó máa kọ̀ ọ́?

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ọmọ ogun ló kúrò ní ibùdó. Ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter fúnra rẹ̀ gbéra láti Èkó tòun ti sójà, kí wọ́n tó tú ká.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Kì í ṣe ọtí ni wọ́n fi ra àwọn bàbá wa. Ó rẹ̀ wọ́n ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti ń jó fún ọdún 16, tí ẹnì kan wá bá a pa iná náà, kò ní í kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, èló ni owó iṣẹ́ yín?" Ọpẹ́ ló máa kọ́kọ́ dú. Owó iṣẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kò sì pẹ́ tó fi dé. Carter fi ọ̀gágun kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Captain Bower. Ní 1894, Bower lọ sí Iléṣà, ó mú Ògèdèǹgbé, ó sì gbé e lọ sí Ìwó. Ògèdèǹgbé kan náà tó ṣíwájú ogun òmìnira, tí Ìbàdàn ò rí mú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí kò níṣẹ́ mọ́ ń da ìlú láàmú lóòótọ́, mi ò ní í parọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ wo ìtumọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀: àlejò tó wá bá wa parí ìjà ti ń mú ọmọ onílé nínú ilé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1895, Bower yìí kan náà yìnbọn sí ìlú Ọ̀yọ́ lórí ẹjọ́ kan tí Aláàfin Adéyẹmí Kìíní dá. Gbogbo ọba tó gbọ́ mọ ohun tó kàn wọ́n.

Àwọn ènìyàn wa wá ní láti wá orúkọ fún òyìnbó tí ìjọba ń rán wá, tó ń gbé láàárín wọn, tó ń dá ẹjọ́, tó ń ṣọ́ ọba. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Ajẹ́lẹ̀. Orúkọ yẹn náà ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọ́n wo iṣẹ́ ọkùnrin náà, wọ́n sì pè é ní ohun tó jẹ́. Mo ka ìwé tó pọ̀ lórí ìjọba amúnisìn, àmọ́ mi ò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ṣàlàyé rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé kò sí ire níbẹ̀ o. Kí ìtàn má bàa di àròyé, ẹ jẹ́ ká fún olóòótọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn tó ti sá pamọ́ sórí òkè padà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Oko tó ti di igbó tún di oko. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn ń wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn míì sì gbé Bíbélì àti ìwé ABD dání. Ní Adó, ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bábámúbọ̀nì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìhìnrere dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907. Láti Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ tàbí Ìdó, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù lọ bá a, ọjọ́ bíi mélòó kan lójú ọ̀nà, àmọ́ wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀ láàyè. Owó ẹyọ ń lọ sílẹ̀, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ń wọlé. Kòkó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ti jẹ ìyà ogun mọ iye tí oorun òru kan tó lọ.

Ní 1900, wọ́n tún ṣe ohun kan tí irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa nígbà náà, Major Reeve-Tucker, pe gbogbo ọba ńláńlá Èkìtì jọ sí Òkè-Ìmọ̀ ní Iléṣà, kí wọ́n di ìgbìmọ̀ kan, Ọwá Iléṣà sì ni alága. Ọwá ìgbà yẹn, Ajímọ́kọ̀ Kìíní, onígbàgbọ́ ni, Haastrup ni orúkọ rẹ̀ nígbà tó ń ṣòwò ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà, ẹ bá mi wò ó: ọba tí kì í jáde láàfin lásán, tí kì í jókòó wo ojú ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ adé rẹ̀ ń bo ojú, òun ni wọ́n ní kó gbéra láti Èkìtì, kó fẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n gbé e, kó lọ jókòó nípàdé ní Iléṣà. Wọ́n lọ. Ìgbìmọ̀ náà wúlò, wọ́n parí ẹjọ́ ààlà níbẹ̀, wọ́n mọ ara wọn. Orísun ìṣọ̀kan Èkìtì tí à ń fi yangàn lónìí wà lára rẹ̀. Ní 1913, Èkìtì ní ẹ̀ka ìjọba tirẹ̀, Adó sì di olú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹni tó pe ìpàdé. Ẹni tó lè pe ọba wá, ó lè ní kí ọba máa lọ.

Ibí yìí ni kókó wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kọjá rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọba wa kì í ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn ìwàrẹ̀fà wà, àwọn ìjòyè wà, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí wà, awo wà. Bí ọba bá ń ni ìlú lára, ìlú mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, bí kò bá sì gbọ́, wọ́n mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lé e. Lugard, tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1914, ní kí àwọn ọba máa ṣàkóso àwọn ènìyàn wọn fún òun. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí ọba, tí ó ń san owó oṣù fún un, tí ọlọ́pàá àti àkódà wà lẹ́yìn rẹ̀, ta ni nínú àwọn ìwàrẹ̀fà ló tún lè sọ pé rárá? Ọba tí kò bá ṣe ohun tí ìjọba fẹ́, wọ́n á yọ ọ́. Èyí tó bá ń ṣe é, ìlú ò lè yọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọba kan, kì í ṣe gbogbo wọn o, di ajẹ́lẹ̀ lórí ìtẹ́ bàbá wọn.

Iṣẹ́ ọ̀nà ló kọ́kọ́ fa ariwo. Ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà, ta ló là á? Ìjọba á ní kí ọba mú ènìyàn iye báyìí wá, ọba á pín in fún àwọn ìjòyè, ìjòyè á wá yan ẹni tí kò lẹ́nìkan. Wọ́n á fi oko wọn sílẹ̀ lásìkò ebè, wọ́n á lọ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á gé igi. Ẹlòmíì á tún ru ẹrù òyìnbó láti ìlú kan dé ìkejì. Ẹni tó bá kọ̀, kọ́ọ̀tù wà. Kọ́ọ̀tù yẹn gan-an ni ariwo kejì, torí adájọ́ ibẹ̀ àti akọ̀wé ibẹ̀, ẹ̀bùn ni wọ́n ń wò lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́ nígbà púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wolé-wolé, tó ń wo ìkòkò omi, tó ń bu owó ìtanràn lé obìnrin torí ilẹ̀ tí kò gbá.

Ẹ jẹ́ ká jáde kúrò ní Èkìtì díẹ̀, torí ibòmíràn ni iná ti kọ́kọ́ sọ.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá ní àdéhùn pẹ̀lú òyìnbó láti 1893 pé wọ́n dá dúró. Wọ́n ní ìjọba tiwọn, wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ní orin àti àsíá. Ní 1914, wọ́n mú bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Pọ́nládé ní Ìjemọ̀, torí pé kò lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Ó kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ará Ìjemọ̀ bínú jáde. Ní oṣù kẹjọ, sójà yìnbọn lù wọ́n, Olúwo Ìjemọ̀ wà lára àwọn tó kú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìdádúró Ẹ̀gbá dópin. Òkú arúgbó kan torí iṣẹ́ ọ̀nà, òun ló gbé odindi ìjọba kan ṣubú.

Ní oṣù kẹwàá 1916, ó kan Òkèhò àti Ìséyìn. Níbẹ̀, ìjọba ti gbé Aláàfin ga lórí àwọn ìlú tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ń rí tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé kọ́ọ̀tù kalẹ̀, wọ́n ń kó ènìyàn ṣiṣẹ́. Àwọn ará ìlú dìde, wọ́n pa Ọ̀ńjọ̀ Òkèhò, ọba tiwọn fúnra wọn, wọ́n kọlu kọ́ọ̀tù àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó ni wọ́n pa. Ẹni tí wọ́n rí gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ òyìnbó ni wọ́n pa. Sójà dé, wọ́n fìyà jẹ wọ́n gan-an, wọ́n sì pa àwọn aṣáájú wọn.

Ó wá di 1918. Ìjọba ní kí àwọn Ẹ̀gbá máa san owó-orí: ṣílè márùn-ún fún ọkùnrin, ṣílè méjì-ààbọ̀ fún obìnrin. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó yìí máa rọ́pò iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti owó bodè. Owó dé, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ò lọ. Ní oṣù kẹfà, àwọn àgbẹ̀ dìde. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Àwọn sójà Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì dé láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ bá wọn, ó lé ní 2,500, pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Nǹkan bí 600 ènìyàn ni wọ́n ní ó kú. Ogun Adùbí ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, ó dá mi lójú pé ọkàn yín ti lọ síbi tí tèmi lọ. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kejìlá. Sólómọ́nì ti kó Ísírẹ́lì ṣiṣẹ́ tó rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó kú, wọ́n lọ bá ọmọ rẹ̀ Réhóbóámù pé kó jọ̀ọ́ dín àjàgà kù. Àwọn àgbà gbà á nímọ̀ràn rere, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó le sí wọn. Ó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ni àwọn ènìyàn náà wá sọ lókùúta pa? Kì í ṣe ọba. Ádórámù ni, ọ̀gá iṣẹ́ àfipáṣe, ẹni tó ń bá ọba kó ènìyàn ṣiṣẹ́. Nígbà kigbà tí mo bá ti ka ti Ọ̀ńjọ̀ àti ti Ọ̀ṣilẹ̀, Ádórámù ni mò ń rí. Ẹni tó wà láàárín ni òkúta máa ń bà. Mi ò yìn wọ́n fún ìpànìyàn yẹn o, àmọ́ ó yẹ ká mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún 1918 yìí kan náà, ní oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ òkun gbé àrùn lùkúlùkú wọ Èkó. Ó tàn ká bí iná ọyẹ́, òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Oògùn ìjọba ò ká a, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀, Joseph Shadare àti Sophia Ọ̀dúnlámì wà nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ láti gbàdúrà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìjọ aládùúrà mélòó kan ti ṣẹ̀. Ọdún kan ṣoṣo: owó-orí, ogun, àjàkálẹ̀ àrùn, àdúrà. Ìgbà míì tí a bá ń pìtàn ìjọ, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Inú ayé tó le ni Ọlọ́run ti pè wọ́n.

Àwa ńkọ́, ní àríwá Èkìtì? Ṣé a kàn jókòó tí à ń wò ni?

Tiwa kì í ṣe ti ìbọn. Ti ààlà ni, ó sì pẹ́ ju gbogbo èyí tí mo sọ lọ.

Ẹ mọ Ọ̀tùn, kò jìnnà sí wa. Oòrè Ọ̀tùn kì í ṣe ọba kékeré nínú Èkìtì. Nígbà ogun Kírìjí, ara àwọn tó ga jù nínú ìparapọ̀ Èkìtì ni Oòrè wà. Ní ọ̀rúndún yẹn náà, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ti ń wọ àwọn ìlú tó wà ní ìhà ibẹ̀, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ní 1897, Kọ́ńpìnnì Ọya, ilé iṣẹ́ òwò òyìnbó lásán tí ìjọba wọn fún láṣẹ, fi ìbọn gba Ìlọrin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ìjọba gba ibẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì, ó di Àríwá Nàìjíríà, Lugard sì di ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n wá ń fa ìlà láàárín Àríwá àti Èkó, wọn ò béèrè èdè tí ìlú ń sọ, wọn ò béèrè ibi tí ọba wọn ti ṣẹ̀. Ohun tí Ìlọrin ní tòun ni, wọ́n fi fún Ìlọrin.

Báyìí ni Ọ̀tùn ṣe bọ́ sábẹ́ Ìlọrin. Báyìí ni Ìlofà, Odò-Ọwá, Ọ̀sì àti àwọn ìlú míì tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa ṣe bọ́ sí òdìkejì. Ẹ foju inú wò ó: ẹ jà fún ọdún 16 kí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lè lọ, ẹ ṣẹ́gun tàbí kí n ní ẹ ò pàdánù, òyìnbó ní kí ẹ máa wà lómìnira nínú ìwé àdéhùn, lẹ́yìn náà òyìnbó yìí kan náà fi yín lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìlú àwọn ọba tó kù ń lọ sípàdé Òkè-Ìmọ̀, owó tiyín ń lọ sí Ìlọrin. Ààlà tí ẹni kan fà lórí pépà la bàbá àti ọmọ níyà. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó ní ìlú kejì, ẹjọ́ rẹ̀ ti bọ́ sí kọ́ọ̀tù mìíràn, lábẹ́ òfin mìíràn.

Ọ̀tùn kò gbà. Wọn ò hú rélùwéè, kò tilẹ̀ sí rélùwéè tí wọ́n lè hú. Ẹ̀bẹ̀, ìwé, ẹ̀hónú, àìgbọràn díẹ̀díẹ̀, lọ́dún dé ọdún. Òyìnbó kan á lọ, òmíràn á dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn kú kó tó parí. Ó di 1936 kí ìjọba tó yọ Ọ̀tùn kúrò lábẹ́ Ìlọrin, tí wọ́n dá a padà sí Èkìtì. Láti 1900 sí 1936. Ẹ ṣírò ọdún tí ó jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ojo ni àwọn bàbá wa, ẹ ní kó wá gbé ẹjọ́ kan lérí fún ọdún 36 láìsí lọ́yà, láìsí fóònù.

Àwọn ìlú tó kù ńkọ́? Wọn ò padà. Ìdí nìyẹn tí Ìlofà àti Odò-Ọwá fi wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ìdí nìyẹn tí Kwara fi ní ìjọba ìbílẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Èkìtì. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ìdánwò máa ń rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni.

Ẹnì kan wà tí wọ́n bí ní ìhà tí wọ́n gé kúrò yẹn, ní Odò-Ọwá, ní 1904. Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ẹ̀yin ti mọ ìyókù nípa rẹ̀, àmọ́ bóyá ẹ ò wò ó láti ìhà yìí rí. Ilé iṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó ń ṣe ọ̀nà ló ń bá ṣiṣẹ́, katakata tó ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀ ló ń wà. Orí ọ̀nà yẹn, lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà tí ó ti pa Pọ́nládé, tí ó ti tú ìlú ká, ibẹ̀ ni ìpè ti bá a ní 1928. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní oṣù keje 1930, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń rọ́ lọ láti Èkìtì wa yìí, kòròbà omi lọ́wọ́. Ẹ wo àkókò rẹ̀. Oṣù mélòó kan péré ṣáájú ni àwọn obìnrin Ìlà Oòrùn dìde ní Abá àti agbègbè rẹ̀ torí ìbẹ̀rù owó-orí, tí ìjọba yìnbọn pa obìnrin tó lé ní 50. Owó kòkó ti já wálẹ̀. Ìjọba tó ti rí ìyẹn, tó wá rí ogunlọ́gọ̀ tí kò pè, tí kò mọ olórí wọn, tí wọn ò gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọba kankan, ṣé oorun á kùn ún? Wọ́n ń fura, wọ́n ń ṣọ́ wọn. Ní 1932, wọ́n dá Babalọlá lẹ́jọ́ torí ohun tó wàásù nípa àjẹ́, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin.

Ẹ wá bi mí bóyá ìbá sàn kí òyìnbó má lọ. Èwo nínú rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó dúró? Ọ̀nà ni, àbí ẹni tí wọ́n fipá mú pé kó là á? Ilé ẹ̀kọ́ ni, àbí ọba tí ìlú ò lè bá wí? Bí ìjọba tiwa bá ń fìyà jẹ wá lónìí, tí ọlọ́pàá ń gbowó lójú ọ̀nà tí kọ́ọ̀tù sì ń wo ọwọ́ ẹlẹ́jọ́, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni òyìnbó ò kó lọ.

Mo ní iṣẹ́ kan fún yín kí n tó lọ. Nínú ìdílé wa káàkiri Ilejemeje, Mọ̀bà, Ìdó, Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, àwọn bàbá àti ìyá àgbà ṣì wà tí wọ́n gbọ́ ìtàn ìgbà yẹn lẹ́nu àwọn tó bí wọn: ẹni tó là ọ̀nà, ẹni tó ru ẹrù lọ sí Òṣogbo, ẹni tí ààlà Ìlọrin yà kúrò lára àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ kó máa gba ohùn wọn. Orúkọ oko, orúkọ ìlú, orúkọ ìdílé, ẹ béèrè gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ ránṣẹ́ sí mi, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín bá wá láti Ìlofà, Odò-Ọwá tàbí Ọ̀sì.